Bí A Ṣe Ń Ta Póókà Oníyára Olówó Kékeré Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìpele kan máa ń gbà nínú ìdíje póókà oníyára tí wọ́n ń pè ní turbo. Tí ènìyàn mẹ́sàn-án bá jókòó sí tábìlì, ìpín mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n máa rí ta kí ìṣẹ́jú náà tó pé (ìpín kan ni kí wọ́n pín káàdì, kí wọ́n sì ta á tán lẹ́ẹ̀kan). Ìyẹn ni pé owó tipátipá tí à ń pè ní blind á ti lọ sókè kí ó tó yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gbé sùúrù póókà gbọọrọ wá síbẹ̀, aago ni yóò pa á, kì í ṣe ènìyàn.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ti mọ òfin Texas Hold'em, tó mọ̀ pé flush ju straight lọ, tó sì ń fi pẹ́nì 50 tàbí £1 wọ ìdíje. Tí ẹ ò bá tíì mọ òfin, ẹ kọ́ ọ lórí tábìlì ọ̀fẹ́ ná. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ta eré yìí láti yàrá mi ní London, lálẹ́ ọjọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́, ó sì gbà mí ní ọdún méjì gbáko kí ohun kan ṣoṣo tó yé mi: ẹni tó kọ́kọ́ kó chip rẹ̀, ìyẹn owó eré tí à ń fi ta á, síwájú ní ọ̀nà méjì láti jẹ. Àwọn yòókù lè ju káàdì nù kó sì kó owó àárín, tàbí kí ẹnì kan dá a lóhùn kí káàdì tirẹ̀ sì borí. Ẹni tó dáhùn ní ọ̀nà kan péré. Káàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ borí, kò sí òmíràn. Orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ká fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Bọ́tìnnì ni àmì ẹni tó ń pín káàdì, ó sì ń yí tábìlì ká. Small blind àti big blind ni owó tí àwọn méjì tó tẹ̀lé bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Flop ni káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣí sí àárín tábìlì fún gbogbo ènìyàn. Ante ni owó díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń dá nígbà tí ìdíje bá ti gbóná. Ìbejì ni mo máa pe káàdì méjì tó bára mu, bíi 8-8. A, K, Q àti J ni ace, king, queen àti jack. All-in ni kí ẹ kó gbogbo chip yín síwájú. Tábìlì ènìyàn 9 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ: kálukú gba chip 1,500, ipò kìn-ín-ní kó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún àpò ẹ̀bùn, ìkejì kó 30, ìkẹta kó 20. Ẹnì kẹrin á lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo, bí ẹni tó kọ́kọ́ jáde.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya owó sọ́tọ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Owó póókà gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tó jẹ́ pé bó bá tán lónìí, owó ilé, oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ ò ní mì. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì máa fi ọ̀nà kan wọ ìdíje kan. Ẹni tó ní £50, pẹ́nì 50 ni ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ sókè, kó dúró ní £1, kó má kọjá ibẹ̀.

Ìdí ni pé all-in pọ̀ nínú eré oníyára, oríire sì lágbára púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ká ní ẹ mọ̀ ọ́n ta débi pé ẹ ń gba owó ní ìgbà 4 nínú 10, èyí tó dára gidi fún tábìlì ènìyàn 9. Ẹ ṣì máa pàdánù ní ìgbà 6. Tí ẹ bá ta á pẹ́, ẹ ó rí ìgbà tí ẹ máa wọ ìdíje mẹ́wàá tẹ̀léra láìrí kọ́bọ̀, láìjẹ́ pé ẹ ṣe àṣìṣe kankan. Ẹni tó ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ti gbẹ kí orí tó rántí rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí onílé, ìyẹn ojúlé tí ẹ ti ń ta á, ń mú pẹ̀lú. Ká ní owó ìwọlé jẹ́ £1, pẹ́nì 90 lọ sínú àpò ẹ̀bùn, pẹ́nì 10 lọ sápò onílé. Ènìyàn 9 á kó £8.10 jọ: £4.05 fún ẹni àkọ́kọ́, £2.43 fún ìkejì, £1.62 fún ìkẹta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta bíi ti gbogbo àwọn yòókù, tí kò sàn jù wọ́n tí kò sì burú jù wọ́n, á máa pàdánù pẹ́nì 10 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, £10 nínú ọgọ́rùn-ún ìdíje. Torí náà kí ẹ tó wọ ìdíje èyíkéyìí, ẹ ka iye tí onílé ń mú, kí ẹ sì fi ojúlé kan wé òmíràn. Ìyàtọ̀ pẹ́nì mẹ́ta mẹ́ta yẹn ló ń sọ olówó di olùfọwọ́lẹ́rán.

Ní 2003, Chris Moneymaker, oníṣirò owó kan láti Tennessee, ti inú ìdíje kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ìdíje ńlá World Series of Poker ní Las Vegas, ó sì gbà á, $2.5 mílíọ̀nù. Ìtàn yẹn ló fa ọ̀pọ̀ nínú wa wọ eré yìí. Ẹ rántí pé ènìyàn 839 ló wọ ìdíje náà, ẹyọ ẹnì kan ló gbé ipò kìn-ín-ní lọ. Ẹ má fi irú rẹ̀ ṣe ètò owó oṣù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí àkántì gan-an ni kí ẹ fi ààlà sí iye tí ẹ lè kó wọ inú rẹ̀ lọ́sẹ̀. Kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 rárá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, tí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń lé owó tó sọ nù, tàbí pé ẹ ń fi eré náà pamọ́ fún ará ilé, GamStop wà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa forúkọ sílẹ̀, gbogbo ojúlé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín fún oṣù 6, ọdún 1 tàbí ọdún 5, bí ẹ bá ṣe fẹ́. Mo mọ ẹnì kan tó lò ó. Iyì rẹ̀ pọ̀ lójú mi ju ti ẹnikẹ́ni tí mo ti bá jókòó sí tábìlì lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tún àyíká yín ṣe

Tábìlì kan, ó pọ̀ jù méjì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ń fún yín láti pinnu, bí ẹ kò bá sì tẹ nǹkan kan, káàdì yín ti lọ nìyẹn, bó ti wù kó dára tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, níbi tí iná lè lọ nígbàkígbà, ẹ rí i pé bátìrì kún, kí data fóònù sì wà nílẹ̀ láti gba ipò Wi-Fi. Mo ti rí K-K tó lọ lójú mi torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ẹ má sì ta á lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ojú tó ń pọ́n fún oorun máa ń dáhùn ohun tó yẹ kó jù nù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbàgbé iye chip, ẹ ka blind

Chip 1,500 kò sọ nǹkan kan fún yín. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé big blind mélòó ló wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí blind bá jẹ́ 10 àti 20, 1,500 jẹ́ blind 75. Ká ní ìpele wá ń lọ báyìí: 15/30, 25/50, 50/100, 75/150, 100/200. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25, ẹni tí kò jẹ tí kò pàdánù, tó ṣì ní 1,500 rẹ̀ lọ́wọ́, ti ku blind 7 àbọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a jà o.

Ẹ fi ìyẹn wé bí káàdì ńlá ṣe ń wá. A-A, K-K, Q-Q àti A-K, gbogbo wọn lápapọ̀, nǹkan bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 39 ni wọ́n ń bẹ ènìyàn wò. Ìpín 39 tó nǹkan bí ìdajì wákàtí lórí tábìlì tó kún. Ẹni tó bá jókòó de káàdì ńlá, ìgbà tó bá fi dé, chip rẹ̀ kò ní lè dẹ́rù ba ọmọdé mọ́.

Torí náà, nígbàkígbà tó bá kàn yín, ẹ ka blind kí ẹ tó wo káàdì. Tó bá lé ní 20, àyè wà. Tó bá wà láàárín 11 sí 20, ẹ dín àyè kù: ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó kún un, tàbí kí ẹ jù ú nù. Tó bá di 10, ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 5.

Ìgbésẹ̀ 4: Ní ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má ṣe púpọ̀

Nínú ayò, a ní ọ̀ta, a ní òpè. Òpè orí tábìlì £1 ní ìwà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: kò fẹ́ ju káàdì nù. Ó wá láti rí káàdì. Ó lè fi Q-4 tẹ̀lé yín dé ìparí torí pé Q kan jáde. Nítorí náà, ẹ má fi òfìfo halẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti kú kì í sá. Ìgbà tí káàdì yín bá dára ni kí ẹ fi owó ńlá síwájú, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó àárín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó san án.

Ìbejì kékeré dára láti fi wo flop nígbà tí owó rẹ̀ bá kéré. Ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi ìgbà mẹ́jọ àbọ̀ ni ìkẹta rẹ̀ máa ń jáde lórí flop, torí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ san ju ìdá kan nínú ogún chip yín lọ, ẹ jù ú nù. Ní 10/20 ẹ lè fi 4-4 san 60. Tó bá di 50/100, ó ti parí.

Ìyókù, ẹ jókòó. Ẹ fi ojú wo àwọn tó kù: ta ló ń dáhùn gbogbo nǹkan, ta ló ń sá? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ogún sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ní blind 10, ẹ kó o síwájú tàbí kí ẹ jù ú nù

Ibí ni ọkàn eré náà wà. Nígbà tí chip yín bá ti di blind 10 tàbí tó dín, ohun méjì ló kù fún yín: all-in, tàbí kí ẹ ju káàdì nù. Ẹ má fi blind kan ṣoṣo wọlé láti wo flop. Ẹ má sì bù ú, kí ẹ fi 600 síwájú nínú 1,600, kí ẹ wá sá nígbà tí ẹlòmíì bá kó gbogbo tirẹ̀ jọ. Ẹ ti fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ogún yín tọrẹ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpín kan fínnífínní. Ènìyàn 6 ló kù. Blind jẹ́ 100 àti 200, ante 25. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, 450 ti wà láàárín: 100, 200, àti 25 lọ́nà mẹ́fà. Ẹ̀yin lẹ wà ní bọ́tìnnì, ẹ ní 1,600, blind 8. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ti ju káàdì nù, ó ku àwọn méjì tó wà ní blind. Ẹ ṣí tiyín: A-5, àmì wọn ò dọ́gba.

Lójú lásán, káàdì yẹn ò jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó. Ká ní ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn kì í dáhùn ju ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún lọ. Àwọn méjèèjì á jù ú nù pa pọ̀ ní ìgbà 64 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó sì kó 450 láìrí flop rárá. Ní ìgbà 36 tó kù, ẹnì kan á dáhùn, tirẹ̀ á sì sábà sàn ju tiyín lọ. Ká ní ẹ ń borí ní 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó àárín á ti wọ bíi 3,500, ìpín yín nínú rẹ̀ jẹ́ 1,330, ẹ sì ti fi 1,600 lé e: àdánù 270. Ẹ pa á pọ̀ báyìí. 450 lọ́nà 64 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 288. 270 lọ́nà 36 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 97. Èrè yín jẹ́ chip 191, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi big blind kan, lórí káàdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jù nù láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo ibi tí èrè náà ti wá. Káàdì yín kọ́ ló mú un wá, àwọn tó sá ni. Bí ẹlòmíì bá ti kó gbogbo tirẹ̀ síwájú kó tó kàn yín, A-5 yẹn kan náà ti di pàǹtí, torí pé ọ̀nà kejì ti dí.

Ìdúró pàápàá ń gba owó. Ní ìpele yẹn, tábìlì ènìyàn 6 á gba 450 lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin 1,600 yín lọ. Bí ẹ bá dúró títí tó fi ku blind 3, kò sí ẹni tó máa sá fún yín mọ́. Owó tí wọ́n máa fi wo káàdì yín kò ní dùn wọ́n. Blind 5 ni ibi tí ẹ̀rù yín ṣì lè ba ènìyàn díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó já síbẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é ní blind 8 sí 10, tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wọlé ṣáájú mi:

Níwájú, tí ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi: ìbejì 6 sókè, A-J sókè, A-10 tàbí K-Q tí àmì wọn dọ́gba.

Láàárín: ìbejì 4 sókè, A-9 sókè, K-J sókè.

Ní bọ́tìnnì: ìbejì èyíkéyìí, A èyíkéyìí, K-9 sókè, Q-10 sókè, J-10.

Ní small blind, tó ku ẹnì kan ṣoṣo lẹ́yìn mi: nǹkan bí ìdajì gbogbo káàdì. A àti K èyíkéyìí, ìbejì èyíkéyìí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Q, àti àwọn tó tẹ̀lé ara bíi 8-7 tí àmì wọn dọ́gba.

Kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí. Bí ẹni tó wà ní big blind bá jẹ́ irú òpè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó ń dáhùn pẹ̀lú ohunkóhun, ẹ yọ 8-7 àti Q kékeré kúrò, kí ẹ fi A, ìbejì àti K ńlá sílẹ̀. Àwọn yẹn ló ń borí nígbà tí wọ́n bá dá yín lóhùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ní ẹnu ọ̀nà owó, ẹ dín ìdáhùn kù

Nígbà tó bá ku ènìyàn 4, tí ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ jáde kí àwọn 3 tó gba owó, eré náà yí padà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ.

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni. Àwa mẹ́rin, kálukú ní nǹkan bíi 3,375. Ẹni tó kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ kó gbogbo tirẹ̀ síwájú, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpín méjì tó ṣáájú. Èmi wà ní bọ́tìnnì pẹ̀lú A-J. Inú ti ń bí mi. Mo sọ nínú ara mi pé irọ́ ni ẹni yìí ń pa. Mo dáhùn. Ó ṣí 7-7. Káàdì márùn-ún jáde, kò sí A, kò sí J. Ipò kẹrin. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń sọ pé orí òkè ló gbà á lọ́wọ́ mi, kó tó di pé mo mú bírò.

Ìṣirò tí àwọn ọ̀tayò póókà ń lò fún èyí ni wọ́n ń pè ní ICM. Ó ń sọ iye owó tí chip yín tó gan-an, bí wọ́n bá wo ipò tí ẹ lè gbà. Ènìyàn mẹ́rin, chip wọn dọ́gba, àpò ẹ̀bùn £8.10: ìpín kálukú tó £2.02. Bí mo bá dáhùn tí mo borí, ìdajì gbogbo chip orí tábìlì á wà lọ́wọ́ mi. Ǹjẹ́ owó mi á di ìlọ́po méjì, £4.05? Rárá. Kò sí bí mo ṣe lè gbà ju ipò kìn-ín-ní lọ, àwọn méjì yòókù sì ṣì lè borí mi. ICM fún mi ní ìdá 38.3 nínú ọgọ́rùn-ún, £3.10. Mo fi £2.02 wéwu láti fi £1.08 kún un. Kí irú òwò bẹ́ẹ̀ tó pé, mo gbọ́dọ̀ máa borí ní ìgbà 65 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe 50.

Níbo ni ìyókù lọ? Sọ́wọ́ àwọn méjì tí kò ṣe nǹkan kan ni. Bí ẹnì kan nínú àwa méjì tó ń jà bá ti jáde, ìpín ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ láti £2.02 sí nǹkan bíi £2.50. Àwọn jókòó, wọ́n ń wò wá, owó ń wọlé fún wọn.

Ẹ wá wo A-J mi. Ká tiẹ̀ ní ẹni yẹn ń kó chip síwájú láì wo káàdì rẹ̀ rárá, A-J tí àmì rẹ̀ ò dọ́gba kì í borí ju bíi 64 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò tó. A-K tí àmì rẹ̀ ò dọ́gba wà ní nǹkan bíi 65, ẹnu ààlà gan-an. 8-8 tó 69, 10-10 tó 75, A-A tó 85. Bó bá sì ń wo káàdì rẹ̀, bí 7-7 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fi hàn, iye yẹn á já wálẹ̀ gidi. Mo yọ blind tó wà láàárín kúrò nínú ìṣirò yìí kó má bàa dí. Wọ́n máa dín 65 yẹn kù díẹ̀, wọn ò lè gba A-J là.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà nìyí: tí chip gbogbo wa bá súnmọ́ra ní ẹnu ọ̀nà owó, mo ń fi 10-10 sókè dáhùn, mo ń fi A-K dáhùn ẹni tó ti ya wèrè, mo sì ń ju ìyókù nù láì bínú. Bí ẹnì kan bá wà tó ku 300, tí blind jẹ́ 100 àti 200, tí yóò sì kàn án láti san án ní ìpín tó ń bọ̀, mo tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. 9-9 àti A-Q pàápàá, mo ń jù wọ́n nù bí ẹni tó lè lé mi jáde bá kó tirẹ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ kí ẹni 300 yẹn kọ́kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ yí i sí apá kejì. Ìdá 65 tó so yín lọ́wọ́ so àwọn náà. Ẹni tí chip rẹ̀ pọ̀ jù lórí tábìlì ní àsìkò yìí ló ni ilẹ̀, torí pé ó lè lé gbogbo wọn jáde, àwọn ò sì lè lé e jáde. Bí ẹ̀yin bá ni ẹni náà, tí kò bá sí ẹni tó wọlé ṣáájú yín, ẹ máa kó o síwájú lé àwọn tó wà láàárín lórí, ìpín dé ìpín, pẹ̀lú káàdì tó kéré ju ti Ìgbésẹ̀ 5 lọ. Wọ́n á máa ju A-10 nù fún yín. Ohun tí ẹni yẹn ṣe sí mi ní alẹ́ Sátidé náà tọ̀nà, èmi tó dáhùn ni mo ṣì í.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tó bá ku mẹ́ta, àti nígbà tó bá ku méjì

Owó ti wà lọ́wọ́, ẹ tú okùn náà díẹ̀. Láti ipò kẹta sí ìkejì jẹ́ ìdá 10 àpò ẹ̀bùn, láti ìkejì sí ìkíní jẹ́ 20, torí náà ipò kìn-ín-ní ni kí ẹ kọjú sí. Mo rí àwọn tó ń rọra jókòó ní ipò kẹta bí ẹni tó ti jẹun yó. Blind ń jẹ wọ́n lọ.

Tó bá ku ẹ̀yin méjì péré, ICM ti parí iṣẹ́ rẹ̀: chip ni owó. Ẹni tó wà ní bọ́tìnnì ló ń san small blind, òun ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí flop tó jáde. Ní blind 10 sísàlẹ̀, ẹ máa kó o síwájú láti ibẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ju ìdajì káàdì lọ. Láti big blind, ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dáhùn: A, ìbejì, K tó dára, àti irú Q-J.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó tún yára jù

PokerStars, ojúlé póókà kan, gbé Spin & Go jáde ní 2014, àwọn mìíràn sì ti ní irú tiwọn. Ènìyàn mẹ́ta, chip 500, ìyẹn big blind 25 péré ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpele tó kúrú gan-an, kẹ̀kẹ́ oríire kan á sì sọ iye ẹ̀bùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó borí ló ń kó gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹnu ọ̀nà owó níbẹ̀, nítorí náà ẹ lè dáhùn ju ti Ìgbésẹ̀ 6 lọ. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án títí tí ìwé yín á fi fi èrè hàn lórí tábìlì ènìyàn 9. Apá kan nínú àpò ẹ̀bùn wọn wà lára àwọn ẹ̀bùn ńlá tí kẹ̀kẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí, ẹni tó ń ta á díẹ̀ díẹ̀ sì lè má bá a pàdé láé.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ ra ìwé kan

Ìwé àjákọ lásán tó. Lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìpín lórí ojúlé náà, kí ẹ kọ gbogbo all-in yín sílẹ̀: káàdì, blind mélòó, ibi tí ẹ jókòó sí, ènìyàn mélòó ló kù, àti pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kó o síwájú ni àbí ẹ dáhùn. Ẹ má kọ bó ṣe parí. Bí ẹ bá kọ pé ẹ borí, ojú yín kò ní rí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá rú yín lójú, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ ìṣirò bíi ICMIZER ní ọjọ́ kejì. Ẹ má lò ó nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ojúlé púpọ̀ ló ń ti àkántì pa nítorí rẹ̀.

Tí all-in bá ti pé 40 nínú ìwé, ẹ ka iye tó jẹ́ ìdáhùn. Bó bá ju ìdajì lọ, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 5, kí ẹ tún un kà kí ẹ tó san owó ìwọlé mìíràn. Nínú ìwé tèmi àkọ́kọ́, 27 ni. Nínú 40 tó kẹ́yìn tí mo kọ, 11 ni.